Ìyá Tó Sùn Lórí Páìpù

Òòlù tó wà lọ́wọ́ Ìbírónkẹ́ kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Eegun ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, nítorí òfin ní irin kò gbọdọ̀ fẹnu kan páìpù. Ó fi kan ẹ̀yìn páìpù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró, ó tẹ́tí. Kó, kó, kó. Ohùn tó ki ni, ohùn ìkòkò tí kò sán. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú nínú kòtò náà, ó tún kàn án. Kó, kó, kó.

“Ó dára,” ni Elétí wí.

Elétí ni ẹ̀rọ tó ń rá lórí páìpù níwájú rẹ̀. Ó rí bí ahun, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti etí mẹ́fà, kò sì lójú. Inú ikùn rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti kan ẹgbẹ̀rin ìgbésẹ̀, ẹgbẹ̀rin ìgbà ni Elétí sì ti ní ó dára.

Ìdánwò ìkẹyìn rèé. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí lónìí, wọn yóò ṣí epo ewédò, epo tí wọ́n ń fún lára ewé odò, sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nínú páìpù aláhunpọ̀ yìí, tí wọ́n hun dípò kí wọ́n fi irin rọ ọ́. Ìdajì agbára ló fi ń ṣàn láti ọdún mẹ́ta wá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò na irú páìpù kan náà dé ìlú méjìlá tí òkùnkùn ti fẹ́ pa tán, tí oògùn ń bàjẹ́ nílé ìwòsàn wọn nítorí kò sí ohun tí wọn yóò fi mú un tutù. Ìbírónkẹ́ ni Agbọ́páìpù tó lu òǹtẹ̀ sí i. Òun ló ní ó dára.

Nígbà tó ku ogójì ìgbésẹ̀ kó dé ọgbà ìyá rẹ̀, irun apá rẹ̀ dìde.

Ó kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ ọdún náà le, ètè gbogbo ènìyàn ti là, ilẹ̀ ti gbẹ bí epo ẹ̀pà. Ó fi ọwọ́ pa irun náà wálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, irun tún dìde, ó na orí sọ́nà páìpù bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́ síbì kan. Bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn kò fẹ́.

“Elétí, ṣé o rí nǹkan yìí?”

“Mi ò lójú, Agbọ́páìpù.”

“Ṣé o gbọ́ ọ ni mo wí.”

“Páìpù ni mo ń gbọ́. Mi ò gbọ́ irun. Ó dára.”

Ìbírónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kan ogójì ìgbésẹ̀ tó kù, lẹ́yìn náà ló gun òkè kúrò nínú kòtò, ó sì dojú kọ ẹnu-ọ̀nà.

Orí ẹnu-ọ̀nà náà ni wọ́n kọ òfin sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ẹnu-ọ̀nà gbogbo Ilé Ìbùsùn: ẸNI TÓ NÍ Ó DÁRA, KÍ ÌYÁ RẸ̀ KỌ́KỌ́ SÙN LÉ E. Kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò lè kà á láìwòwé. Ẹ̀yìn Iná Ńlá ni wọ́n ṣe é, iná tó jẹ ìlú mẹ́ta run lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn tó buwọ́ lu páìpù onírin tó ti dógùn-ún náà sì wà níbi tó jìnnà, tí wọ́n ń fẹ́ tíì gbígbóná lẹ́nu. Àwọn àgbà ní, “Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun.” Inú òwe yẹn ni wọ́n ti yọ òfin. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá lu òǹtẹ̀ sí páìpù tuntun, ìyá rẹ̀ ni yóò gbé ẹní rẹ̀ lọ sùn lé e fún ọyẹ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ọyẹ́ mẹ́ta yóò fi pé, kó má baà lọ máa tún nǹkan ṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ogún ìgbésẹ̀ sí ọgbà ni yóò ti máa kí ìyá rẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ yóò dúró láàárín.

Lónìí, ọyẹ́ mẹ́ta ti pé, ẹ̀ṣọ́ sì ti já okùn tí wọ́n fi dí ẹnu-ọ̀nà. Ìbírónkẹ́ wọlé.

“Ta nìyẹn tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n fi tipátipá mú wálé ọkọ?”

“Èmi ni, Ìyá mi. Ẹ káàárọ̀ mà.” Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

“Àwẹ̀ró!” Ìyá rẹ̀, Òjúolápé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, rọra gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú. “Dìde kí n wò ọ́. Háà! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní Ìgbìmọ̀ Ìṣàn ni? Ọrùn rẹ ti gùn bí ọrùn àgùfọn.”

“Ẹ̀yin ni mo ń rò, Ìyá mi, ni mi ò ṣe sanra.”

“Irọ́ lo ń pa. Ọbẹ̀ rẹ ni kò dùn. Mo mọ ọbẹ̀ rẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín ti ń jáde lẹ́nu Ìbírónkẹ́ ni ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú.

Ilẹ̀ yàrá náà ń dán. Dúdú ni, ó mọ́lẹ̀ kedere, àmì ìka sì wà lára rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ní ìdajì òṣùpá-ìdajì òṣùpá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ti máa ń ṣe é láyé àtijọ́. Láàárín yàrá, láti abẹ́ ògiri kan dé èkejì, ni páìpù gbà kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ bí ẹ̀yìn òjòlá tó sùn. Òfin ló ní kí wọ́n fi í síta bẹ́ẹ̀ nínú Ilé Ìbùsùn, kí ìyá tó sùn lé e lè rí i bó bá jò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ká ẹní sí. Ẹ̀yìn páìpù náà pẹ̀lú ń dán dúdú. Òun náà ní àmì ìka.

“Ìyá mi, kí lẹ fi pa ilẹ̀ yìí?”

“Kí ni wọ́n fi ń palẹ̀ ní tiyín? Ẹlẹ́bọ́tọ ni. Ìyá àgbà rẹ kò bí mi sínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sọ eruku. Àwọn ará gàá ẹ̀yìn ọgbà ló ń gbé ìgbẹ́ màlúù kọjá sí mi, Ọlọ́run yóò ṣe wọ́n lóore.”

“Ẹ pa páìpù pọ̀ mọ́ ọn?”

“Páìpù wo? Ilẹ̀ ni mo pa. Ohun tó bá ga ju ilẹ̀ lọ, tí kò tó ohun tí à ń jókòó lé, ilẹ̀ náà ni. Àbí kí n pa yàrá títí, kí n wá fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ bí orí tí wọ́n fá ku ìdajì? Kí àlejò wọlé kó ní ọ̀bùn ló bí Agbọ́páìpù?”

Ìbírónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú tọ àwọn àmì ìka náà. “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ pa á, Ìyá mi?”

“Ojoojúmọ́. Bí mo bá ti jí, kí n tó bọ́jú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ń sun díẹ̀díẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn, bí ọmú abiyamọ. Kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí. Mo fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á lọ, pa á bọ̀, ó gbọ́.”

“Ẹ kò sọ fún ẹ̀ṣọ́.”

“Ṣé kí n máa ké pe ẹ̀ṣọ́ nítorí ohun tí ọwọ́ mi ká? Ìwọ náà, nígbà tí o ń tọ̀ sílé, ta ni mo ké pè?” Arúgbó náà wo páìpù bí ènìyàn ṣe ń wo ajá aládùúgbò tí ìwà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. “Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́fà ni mi ò ti rí ẹlẹ́bọ́tọ. Àwọn ará gàá ti kó ẹran wọn lọ síbi tí koríko wà. Ọjọ́ kẹfà rèé tí nǹkan rẹ yìí ti ń bínú.”

“Ó ń bínú báwo?”

“Ó ń ta mí. Bí ìró mi bá kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Bí mo bá fà á, á ní *tá!* Ológbò tó ń wá bá mi jẹun kò wọlé mọ́. Ẹnu-ọ̀nà ló ń dúró sí, á ranjú mọ́ ọn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde.”

Ìbírónkẹ́ fa apá aṣọ rẹ̀ bo irun ọwọ́ rẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ òwú wà lẹ́bàá ẹní. Òwú ni ìyá fi ń pa àkókò, ó ń ran án. Ìbírónkẹ́ já díẹ̀ níbẹ̀, kò tó ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́ méjì. Òwú náà gbọ̀n. Ó dìde dúró lórí ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tó lẹ́mìí. Lẹ́yìn náà ló fò, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páìpù gbọin.

Ìyá rẹ̀ fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù.

Ìyá ti da omi ìbọ́jú nù sí ìkángun páìpù náà láàárọ̀, ibẹ̀ ṣì tutù. Ìbírónkẹ́ já òwú mìíràn, ó gbé e súnmọ́ ibi tó tutù. Òwú dùbúlẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ bí òkú.

Ó wá yé e. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e díẹ̀díẹ̀. Ó já lé e lórí ni, bí àgbọn tó já láti orí igi. Àwọn tó ṣe páìpù náà ti hun okùn èédú tín-ín-rín kan sáàárín rẹ̀, okùn tí yóò máa kó iná àìrí, tí epo ń bí nígbà tó bá ń sáré, lọ sínú ilẹ̀. Okùn èédú náà ti já níbìkan. Òòlù kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó sán, ohun tó bó, ohun tó ṣófo nìkan ni òòlù ń sọ. Elétí kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí etí ló ní, kò ní awọ. Ní gbogbo ìta, ilẹ̀ tútù ló bo páìpù mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ yẹn ń gba iná náà. Nínú yàrá yìí nìkan ni páìpù ti rí afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin ẹlẹ́bọ́tọ ló sì ń kó iná rẹ̀ lọ, ẹlẹ́bọ́tọ náà ló dí ojú ibi tó ń sun.

Ọdún mẹ́ta ni gbogbo ilẹ̀ yìí fi ń ka ọjọ́, tí wọ́n ń sọ lọ́jà àti lójú ọ̀nà pé páìpù aláhunpọ̀ kò jò, kò ta, kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Páìpù kọ́ ni wọ́n dán wò. Ọwọ́ ìyá arúgbó kan ni wọ́n dán wò, ọwọ́ náà sì yege.

“Àwẹ̀ró, kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀?”

Ó sọ ọ́ fún un. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ó sọ fún un pé ní ìlú méjìlá wọ̀nyẹn, wọn kò ní bo páìpù mọ́lẹ̀ rárá. Ara ògiri ni yóò gbà, láti ilé dé ilé, títí dé ìdí ààrò.

Òjúolápé tún jókòó sórí àpótí rẹ̀. “Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan páìpù kí ọdún mẹ́ta tó pé, ààrò rẹ̀ á tutù.”

“Ọdún méje,” ni Ìbírónkẹ́ wí. “Tòun tẹni tó lu òǹtẹ̀.”

Wọ́n mọ ohun tí Ààrò Tútù jẹ́. Àdúgbò wọn ni ọkùnrin kan ti ṣe é. Kò gbọdọ̀ dáná, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fún un níná, tàbí kó ta oúnjẹ tó ti ojú iná kọjá fún un. Èlùbọ́ ni ó ń po mọ́ omi tútù, tó ń mu. Nígbà ọyẹ́, ikọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn a máa fi ọwọ́ bo fìtílà wọn, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà kàn án. Kò lo ọdún méje náà pé.

“Mi ò ní purọ́ fún ọ,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. “Ẹ̀rù òtútù ń bà mí, Àwẹ̀ró. Iná nìkan ló kù tó ń mú eegun mi dìde láàárọ̀. Ṣé o ò lè sọ pé mo sùn? Kí o wá máa rọra sọ fún àwọn ìyá yòókù, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pa tiwọn?”

Ìbírónkẹ́ fẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ó fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ìlú méjìlá, ilé mélòó, ògiri mélòó, ọwọ́ mélòó, àárọ̀ mélòó. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyá kan yóò ṣàìsàn. Ọjọ́ kan tí àwọn ará gàá yóò kó ẹran lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ó ṣì ń ṣírò nígbà tí fèrè dún níta.

*

Baba Láníyọnu, olórí Ìgbìmọ̀ Ìṣàn, ti dé. Arúgbó tó ga ni, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ onígi sọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣí epo sílẹ̀. Níwájú rẹ̀, nínú eruku ọyẹ́, àwòrán ìmọ́lẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn aṣojú ìlú méjìlá, oníkálukú láti ìlú rẹ̀. Wọn kò ní òjìji, ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ eruku. Ẹ̀gbẹ́ aṣojú kọ̀ọ̀kan ni ìyá arúgbó kan dúró sí, ó ká ẹní mọ́ abíyá. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ sùn lé e ní ìlú wọn. Òmíràn ti wọ ẹ̀wù òtútù. Òmíràn gbé ìrọ̀rí lórí.

Nígbà tí Òjúolápé jáde sójú oòrùn, àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ náà kò bá ọwọ́ wọn dọ́gba, nítorí ọ̀nà jìn.

“Ẹ kú ọdún mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n!” Ìyá Òkè Àbàtà ni, òun ló gbé ìrọ̀rí lórí. “Ṣé oorun ibẹ̀ dùn? Èmi a máa hanrun o, ẹ bá mi sọ fún páìpù kó má bínú!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òjúolápé fi ìró bo ọwọ́ rẹ̀.

“Elétí,” ni Baba Láníyọnu pè, “kí lo gbọ́?”

“Ẹgbẹ̀rin ìgbésẹ̀ àti ogójì. Ó dára.”

Baba náà yí sí Ìbírónkẹ́, ó sì béèrè ohun tí òfin ní kó béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Agbọ́páìpù, ṣé ìyá rẹ sùn?”

Ìbírónkẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ onígi tó wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ọmọ mi, wọ́n ń dúró. Ṣé ìyá rẹ sùn?”

Ìbírónkẹ́ gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń mí lẹ́yìn rẹ̀, èémí kúkúrú, èémí ẹni tó ti ń gbọ́ òtútù lára. Ó wo ìyá Òkè Àbàtà, ó ń tún ìrọ̀rí orí rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni pé ó fẹ́ kì í láyà.

“Lẹ́ẹ̀kẹta àti èyí tó kẹ́yìn. Ìbírónkẹ́, ṣé ìyá rẹ sùn?”

“Ìyá mi kò sùn,” ni ó wí. “Ìyá mi ń palẹ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Baba Láníyọnu kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó láyé tó fi mọ ohùn ẹni tó ń bọ́ sínú kànga.

“Ẹ wọlé wá, bàbá,” ni Ìbírónkẹ́ wí. Ó ṣì di òwú kan mú lọ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ rọra rìn. Ẹ má ṣe wọ́ aṣọ nílẹ̀.”

Baba náà wọlé, ìyá àti ọmọ sì tẹ̀lé e. Ó gba òwú náà lọ́wọ́ Ìbírónkẹ́, ó sì na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù bó ṣe júwe fún un. Òwú dìde lórí ọwọ́ olórí Ìgbìmọ̀ Ìṣàn, ó gbọ̀n, ó fò. Baba náà tẹ̀ síwájú kó lè wò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni etí agbádá rẹ̀ tú, ó sì fẹnu kan ẹ̀yìn páìpù.

*Tá!*

Iná kékeré kan ta níbẹ̀. Aláwọ̀ sánmà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ òórùn kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tó wà níbẹ̀ tí wọn kò fọkàn sí: òórùn epo ewédò, bí ewé odò tó rà. Apá ibi tí ọwọ́ ìyá ti dí ló ti ń wá. Ẹlẹ́bọ́tọ ibẹ̀ ti gbẹ. Ó ti là.

Baba Láníyọnu kò yí ẹ̀yìn sí páìpù náà. Ó ń fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di agbádá rẹ̀ mọ́ àyà, bí ènìyàn ti ń kúrò níwájú ejò tí kò tíì pinnu ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó dé ìta, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fún ẹ̀ṣọ́. “Ẹ lọ ti ẹnu epo,” ni ó wí. “Ẹ rọra tì í, ẹ má sáré. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jìnnà.” Lẹ́yìn náà ló bi Ìbírónkẹ́ ní ohùn tí àwọn yòókù kò lè gbọ́, “Èyí tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò fi ṣàn tán, bàbá. Bó bá ń ṣàn, yóò máa bí iná náà síbẹ̀.”

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án.” Ó di ojú. Nígbà tó là á, omi wà nínú rẹ̀. “O mọ èyí tó kù.”

“Mo mọ̀ ọ́n, bàbá.”

“Bí mo bá fo òfin lónìí nítorí ìyá tó ṣe rere, lọ́la ni ìyá tó fẹ́ bo ibi tó là mọ́lẹ̀ yóò wá bẹ̀ mí, èmi kò sì ní lẹ́nu tí n ó fi kọ̀ fún un.”

Ààrò Òjúolápé wà ní ìkángun ọgbà, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín jìnnà sílé. Iná kékeré wà níbẹ̀, ìkòkò omi ewé wà lórí rẹ̀. Baba Láníyọnu fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà sọ̀, ó bu omi nínú àgbá, ó sì dà á. Ààrò kígbe, eérú fò. Òjúolápé wò ó títí èéfín fi tán. Kò sunkún. Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra, kí òtútù tó dé. Ìbírónkẹ́ ti sọ ohun gbogbo fún àwọn ìyá inú ìmọ́lẹ̀ náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa páìpù àti ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kù.

“Ẹ̀gbọ́n!” Ìyá Òkè Àbàtà ni. Àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n nínú eruku. Ó ti ju ìrọ̀rí sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ lọ́dọ̀ yín ni?”

“Ọjọ́ mẹ́fà, àbúrò mi.”

“Ẹ lo amọ̀! Amọ̀ etí odò, èyí tó dúdú. Ẹ pò ó títí tí yóò fi máa yọ̀!”

“Ẹ bu eérú sí i,” ni ìyá mìíràn wí. “Eérú ni kì í jẹ́ kó là.”

“Eérú ààrò yín náà nìyẹn, ó ti rin!”

“Ẹ má fi ìka pa á o, àtẹ́lẹwọ́ ni, kó lè nípọn!”

Àwọn méjìlá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ìmọ́lẹ̀ wọn júwe nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ tí kò lè gbé amọ̀, tí kò lè bomi. Òjúolápé ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó ń kó eérú tútù sínú igbá. Ìbírónkẹ́ gbé korobá, ó sáré lọ sétí odò.

Nígbà tó padà dé, wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù, ìyá níhìn-ín, ọmọ lọ́hùn-ún. Amọ̀ náà tutù dé eegun. Kò sí iná tí wọn yóò padà lọ yá, lónìí tàbí lọ́dún méje. Ìyá rẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́, ó fà á ní ìdajì òṣùpá, Ìbírónkẹ́ sì fà tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ibi tí ọwọ́ wọn ti kọjá dákẹ́. Níwájú, níbi tí ọwọ́ wọn kò tíì dé, òwú méjì tó lẹ̀ síbẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán.

*Tá.*

“Yára, Àwẹ̀ró,” ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Kò tíì gbọ́.”

Kò sẹ́ni tó rántí Elétí. Ó ṣì wà nínú kòtò níta, ó ń rá lọ, ó ń rá bọ̀ lórí páìpù, ohùn rẹ̀ sì ń gba abẹ́ ògiri wọlé, bí ohùn ẹni tó jẹun yó.

“Ó dára,” ni ó ń wí. “Ó dára. Ó dára.”